Ẹni Tó La Ojú Ère Hapugoda

Ohun mẹ́rin ló ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tí a la ojú ère ńlá tó wà nínú tẹ́ḿpìlì yìí, ọwọ́ mi sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkíní, kì í ṣe èmi ni mo la ojú náà. Èkejì, igi tí gbogbo yín rí mi tí mo fi idà ṣá, ẹlòmíràn ló yẹ kó ṣá a. Ẹ̀kẹta, mo fi ènìyàn sílẹ̀ nínú òkùnkùn nítorí pé ìyìn yín dùn létí mi. Ẹ̀kẹrin, ẹni tó ń kú lọ rán mi níṣẹ́, n kò sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ará Hapugoda, ẹ̀yin òbí mi tí ẹ wọ funfun wá gbọ́ ìwàásù Póyà, ọjọ́ òṣùpá kíkún, lónìí, Ọ̀gbẹ́ni Kulasena, alága ẹgbẹ́ tẹ́ḿpìlì wa, ló pè mí síwájú pé kí n ṣàlàyé fún àwọn àlejò bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ orúkọ mi sára òkúta ẹnu ọ̀nà. N ó ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kò jọ èyí tí wọ́n ti sọ fún wọn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá mi dúró títí n ó fi dé òpin rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Kithsiri, ọmọ àbúrò Bàbá Tikiri tó mọ ère fún ìdajì àwọn tẹ́ḿpìlì agbègbè yìí kó tó dolóògbé. Láti ọjọ́ tí mo ti gboyè jáde ní yunifásítì ni mo ti sọ ara mi di ẹni tí kò lè rí ohun tó wọ́ kó gbójú kúrò. Èmi ni mo dìde nínú ìpàdé, tí mo bi Ọ̀gbẹ́ni Kulasena léèrè ìdí tó fi ń fi omi kànga tẹ́ḿpìlì fọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nígbà tí ọ̀dá dá, tí àwọn ìyá wa ń to garawa. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Ojú mi mú sí ẹ̀bi ẹlòmíràn bí ojú àṣá sí òròmọdìẹ. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹni tó bá lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́. Ẹ wo irú ẹ̀tàn tí ènìyàn lè fi tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ère náà ná, nítorí pé títí di òní, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi a kọ̀. Bíríkì ni egungun rẹ̀, amọ̀ oko ìrẹsì wa ni ẹran ara rẹ̀, ẹfun tí a pò mọ́ oje igi ni awọ rẹ̀. Gbogbo yín lẹ tò láti etí odò títí dé orí òkè yìí, tí ẹ ń na amọ̀ sí ara yín lọ́wọ́, àgbà àti èwe, tí ẹrẹ̀ ń kán sára aṣọ tí ẹ kò sì bìkítà. Bàbá Tikiri ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dúró dé àyà. Ibi tó ti ń mọ ìṣẹ́po aṣọ èjìká rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a wólẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo. Ẹ rí i pé iṣẹ́ kò dúró, ẹ sì ń sọ pé Bàbá ń ti orí àga darí rẹ̀. Ẹ rí Inoka, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gun àká, pẹpẹ ọparun tí a kàn yí ère náà ká, lọ sókè lójoojúmọ́, ẹ ní ó ń po ọ̀dà. Lẹ́yìn imọ̀ àgbọn tí a fi bo àká náà, Inoka kò po ọ̀dà fún ẹnikẹ́ni. Òun ló parí èjìká. Òun ló mọ apá tó nà síwájú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àti àwọn ìka tó gùn dọ́gba. Òun ló mọ ojú náà láìsí ẹyinjú. Ẹ sì mọ̀ pé ère tí a kò tíì la ojú rẹ̀, tí a kò tíì kun ẹyinjú sí, bíríkì lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi yìí a máa gbé ife tíì rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ ère náà bó bá fẹ́ nu òógùn, a ní, “Bàbá, ẹ bá mi di èyí mú, mò ń bọ̀.” Bí mo bá wá láti ìlú ńlá Kòlóńbò lópin ọ̀sẹ̀, a jọ ń rẹ́rìn-ín lé e. Èmi tí mo kàwé lórí iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ mi kò ju pé kí n fọ ife náà.

Nígbà tó ku ojú nìkan, Ọ̀gbẹ́ni Kulasena pe ìpàdé. “Ta ni yóò la ojú?” ni ó bi wá. “Tikiri kò lè gbé ṣíbí. Ṣé kí a lọ pe ọkùnrin tó ń kun ère oríta nílùú?” Mo fò dìde. Mo ní ìwà ìtìjú ni kí àjèjì wá fi ọ̀dà ọjà ba iṣẹ́ ìdílé jẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa, ọ̀mọ̀wé. Ìdílé Tikiri ni ọ́, o kàwé rẹ̀, ọkùnrin sì ni ọ́. Ìwọ la ojú náà, kí a sinmi ariwo.” Ó yẹ kí n sọ lójú gbogbo ayé nígbà náà pé Inoka ló mọ ojú ère yìí, òun ló sì tọ́ sí láti là á. Ẹ̀yin ìbá dúró lẹ́yìn mi tàbí kí ẹ lé mi jáde, ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹni tó pariwo lórí omi kànga, ó panu mọ́ lórí èyí. Mo ní, “Mo gbà.” Ìtẹríba tí àwọn àgbà ṣe fún mi bí mo ṣe ń jáde ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Mo rí i pé ó dùn.

Mo lọ bá Inoka níbi tó ti ń lọ ẹfun. “Àǹtí Inoka, ẹ̀yin lẹ máa la ojú yẹn.” Kò gbé orí sókè. “Yunifásítì, ṣé o ti jẹun? Ebi ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ. Èmi obìnrin tí wọn ò jẹ́ kí n gbé fìtílà kọjá aṣọ ìkélé.” “Ẹnì kankan ò ní mọ̀. Inú ibi mímọ́, ẹni tó máa kun ojú àti ẹni tó máa di dígí mú nìkan ló ń wọlé. Wọ́n á rò pé ẹ ti parí ìsàlẹ̀ ère, ẹ ti gba ẹ̀yìn jáde. Èmi á di dígí, ẹ̀yin á kùn ún.” Ó dá ọwọ́ dúró. “Ẹni tó máa di dígí fún ẹ ńkọ́?” “Mo ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Kulasena pé màá so ó kọ́ ara àká, pé mi ò nílò olùrànlọ́wọ́.” Ó wá rẹ́rìn-ín. “Irọ́ ti yá ẹ lẹ́nu báyìí? Ìwọ tó o fẹ́ ju Kulasena sẹ́wọ̀n nítorí garawa omi.” Ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń rí ẹyinjú náà, bí ìyá ṣe ń rí ọmọ tí kò tíì bí. Kò tíì gbà, ó kọ́kọ́ béèrè ohun kan. “Ìwò mi ńkọ́?”

Ẹ̀yin ará ilé mọ ohun tó ń béèrè. Nítorí àwọn àlejò ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó bá la ojú ère, ó ń kẹ́yìn sí i ni, dígí ló fi ń rí i, ó sì ń na búrọ́ọ̀ṣì kọjá èjìká ara rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó yẹ kí ìwò àkọ́kọ́ ojú náà bá níwájú. Síbẹ̀ agbára rẹ̀ a máa kù lójú ẹni tó kùn ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi aṣọ di ojú rẹ̀, tí a ń fà á lọ síwájú igi tó ní oje funfun, tí a ó sì tú aṣọ náà níbẹ̀. Igi ni yóò kọ́kọ́ rí, yóò fi idà ṣá a, agbára náà yóò sì wọ inú igi lọ. Bí ojú rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sára ènìyàn kó tó rí igi, ìgbàgbọ́ wa ni pé ẹni náà kò ní pẹ́ láyé. Inoka ní, “Èmi ò fẹ́ fi ojú yẹn wo Bàbá, mi ò fẹ́ fi wo Sarath ọkọ mi. Bí mo bá ṣe é, màá ṣá igi tèmi. Ṣé o gbọ́?” “Mo gbọ́.” “Gbígbọ́ kọ́. Sọ ọ́ jáde.” Mo sọ ọ́. Mo ní n ó ṣá igi iwájú fún ojú ayé, àti pé bí ẹ bá ti ń jẹ ìrẹsì tí a fi wàrà àgbọn sè, n ó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kànga, n ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ìdábùú rẹ̀ wà níta, n ó sì fa Inoka, pẹ̀lú ojú dídì, lọ síwájú igi jákì, olóje funfun, tó wà lẹ́yìn ilé àwọn àlùfáà. Mo fi orí ìyá mi búra. Ó ní, “Má fi orí Àǹtí mi búra. Ṣáà wá.”

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ kún orí òkè yìí títí ẹ fi dà bí ìgbà tí òṣíbàtà bá bo adágún. Akókò tí awòràwọ̀ yàn pé, àwọn àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ mímọ́ níta, wọ́n sì já aṣọ ìkélé sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Inoka ti wà nínú. Ó ti fi aṣọ funfun di ẹnu kí èémí rẹ̀ má baà fẹ́ sí ère lójú. A gun àká lọ sókè láìsọ̀rọ̀. Ó kẹ́yìn sí i, mo gbé dígí sókè níwájú rẹ̀. Òfin ni pé kí ẹni tó bá di dígí mú wo ilẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó kan etí ago ọ̀dà. Mo gbọ́ ohùn àwọn àlùfáà tó ń lọ tó ń bọ̀ bí afẹ́fẹ́ lórí oko ìrẹsì. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbójú sókè.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní ọ̀rọ̀ tó tó o, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì. Ojú ọ̀tún ti là. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ojú òsì, ó kọjá èjìká rẹ̀, kò gbọ̀n, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń darí rẹ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe kúrò báyìí, bíríkì tí a ti ń gbé ife tíì lé lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ló wà níbẹ̀, ó sì jọ pé ó ti wà níbẹ̀ kí òkè yìí tó wà, pé àwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò mira. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó rí mi ni. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wo ayé láti wá ẹ̀bi rẹ̀, n kò mọ̀ pé ènìyàn lè jẹ́ ẹni tí a rí tán pátápátá kí a má sì dá a lẹ́jọ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbàgbé dígí tí mo dì mú, Inoka sì sọ láti inú aṣọ ẹnu rẹ̀ pé, “Di dígí dáadáa, Kithsiri. Ó ku bín-ín-tín.” Ó fi ẹ̀kán ọ̀dà kan péré kún un. Ó pa ojú ara rẹ̀ dé. “Ó ti parí. Ó rí wa, àbí?” Mo ní, “Ó rí wa.” Ó ní, “Di aṣọ náà kó le.” Mo dì í. Mo fà á sọ̀kalẹ̀, mo mú un gba àlàfo tóóró tó wà láàárín ẹ̀yìn ère àti ògiri, mo fi í jókòó sórí ilẹ̀, mo sì fi ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó lè mọ ibi tí n ó gbà wọlé. “Tètè bọ̀,” ni ó wí.

Mo fi aṣọ bo ojú ara mi, mo jáde sáàárín yín. Ẹ mọ ìyókù, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìlù dún, igbe ìyìn “Sadhu, sadhu” yín sì gba orí òkè bí ìró omi tó ya. Wọ́n tú aṣọ ojú mi níwájú igi, mo gbé idà, mo ṣá a, oje funfun sì ń ṣàn lọ sílẹ̀. Ìwẹ̀nùmọ́ ẹlòmíràn ni mo ń ná níbẹ̀. Ẹ gbé mi sókè. Ìyá mi ń sunkún, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé òun ló bí mi. Àwọn arúgbó tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ bẹ́tẹ̀lì, ewé ọ̀wọ̀ wa, sí àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n wólẹ̀ fún mi. Ọ̀gbẹ́ni Kulasena gbá mi mọ́ra, ó ní, “Mo ti ń bú ọ láti ọjọ́ yìí, dárí jì mí.” Àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé ẹ̀rọ sí mi lẹ́nu, wọ́n bi mí bó ṣe rí lára mi, mo sì sọ ohun tí mo rí lórí àká, gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ òtítọ́ àfi ọ̀rọ̀ kan, ìyẹn ni “mo”. Wọ́n fa aṣọ ìkélé, ẹ rọ́ wọlé, mo sì gbọ́ igbe yín nígbà tí ẹ rí ojú náà. Mo ti máa ń sọ nínú ọkàn mi pé mo gbàgbé Inoka. Irọ́ ni. N kò gbàgbé rẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ère tí ẹ ń wólẹ̀ fún, nínú ooru àti èéfín fìtílà yín, pẹ̀lú ojú dídì. Mo kàn ń wí fún ara mi pé, ó ku díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí kan sí i.

Bàbá Tikiri wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ yà fún un. Ó gbójú sókè, ó sì dúró pẹ́. Ó yíjú sí mi, ó sì fi ahọ́n tó wúwo yẹn wí pé, “Ọwọ́ ọmọ mi nìyẹn. Níbo ló wà?” Akọ̀ròyìn kan dúró ní ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo tẹ̀ba, mo ní, “Bàbá, ó ti lọ sílé.” Ó wò mí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó jáde, ó yà sí ọ̀nà kànga. Mo rí ibi tó yà sí, n kò sì tẹ̀lé e, nítorí wọ́n tún ti bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

Inoka fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní òógùn ti rin aṣọ òun, ẹsẹ̀ òun ti kú, èéfín sì ti mú kí orí òun máa yí. Ó gbọ́ tí ìdábùú ilẹ̀kùn yọ. Ó ní, “Kithsiri, o pẹ́ o.” Ọwọ́ kan ba kókó aṣọ náà lẹ́yìn orí rẹ̀, ó rò pé mo fẹ́ tún un dì ni. Aṣọ náà bọ́. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ojú bàbá rẹ̀ ló sì wà níwájú rẹ̀, ó kún ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun mìíràn tó lè rí. Ó ní òun pariwo pé kó yí padà, ṣùgbọ́n ó dúró, ó ń wo òun, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Àrùn yẹn ti mú iyè ẹ̀ lọ,” ni Inoka wí fún mi. “Kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìwọ lo yẹ kó o wá.”

Kí òṣùpá tó tún kún, Bàbá Tikiri ti dùbúlẹ̀ ikú. Dókítà ní àrùn rẹ̀ ló padà wá, pé òun ti ń retí rẹ̀. Inoka kò fi ara mọ́ èyí. Ó jókòó síta lẹ́bàá ìdáná, ó kọ̀ láti wọ yàrá, ó ní ìwò kan tó, òun kò ní fi èkejì kún un. Àwa méjì péré ló wà lẹ́bàá ibùsùn, èmi àti àlùfáà àgbà wa, Ẹni Ọ̀wọ̀ Indasara, tó jókòó lórí àga yìí tó ń gbọ́ mi. Ó ń ka ọ̀rọ̀ mímọ́ lọ́wọ́. Bàbá fi ọwọ́ òsì mú ọrùn ọwọ́ mi, agbára tó fi mú un sì yà mí lẹ́nu. Ó ní, “Èmi ni mo tú u.” Ó sinmi. “Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Àwọn ọmọdé ń bọ̀ wá pọn omi òdòdó. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó fẹ́ dákú, yóò fa aṣọ náà fúnra rẹ̀, yóò sì rí wọn.” Ó tún sinmi, ó pẹ́. “Mo ti gbó. Kí ó wò mí. Mo fẹ́ kí ó wò mí. Kì í ṣe ojú ọmọ mi ló pa mí. Sọ fún un.” Mo ní, “N ó sọ, Bàbá.” Ó mi ọwọ́ mi. “Sọ fún un.” Ẹni Ọ̀wọ̀ ti dákẹ́ kíkà.

Mo jáde síta. Inoka gbé orí sókè, ó ń wo àyà mi, kò wo ojú mi, nítorí pé láti ọjọ́ náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. “Mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Kí ni Bàbá sọ?” Ibi tí ìwà burúkú mi ga dé rèé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ ni. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, yóò sọ fún Sarath, Sarath yóò béèrè ohun tí Inoka ń wá lẹ́yìn ère pẹ̀lú ojú dídì, gbogbo ìlú yóò sì mọ̀. Mo wo obìnrin tó la ojú tí mo rí lórí àká, mo ní, “Kò sọ nǹkan kan. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo jù.” Ó mi orí. Ó padà koná.

Lẹ́yìn tí a sun òkú, mo lọ bá Ẹni Ọ̀wọ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní ó yẹ kí a jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún Inoka. Ó ní, “Farabalẹ̀, ọmọ mi. Bí o bá sọ apá kan, gbogbo ẹ̀ lo máa sọ. Wọ́n á ní obìnrin ló la ojú ẹ̀, kí a wó o. Iṣẹ́ odindi ìlú. Jẹ́ kí ọdún yí ná.” N kò ní di ẹ̀bi náà lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ, mo sì gbà á bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń gba ẹ̀ka igi. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń kó àlejò wá wo ojú yẹn, tí èmi sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwòrán. Inoka kò mú búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò sì gun òkè yìí mọ́.

Ohun tó ṣí mi lẹ́nu rèé. Inoka lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Ìyá mi ló wá bá mi lọ́sẹ̀ yìí, ó ní, “Ìwọ, lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀. Ó ti rán aṣọ dúdú tó máa fi di ojú tó bá ń rọbí. Ó ní bí ọmọ bá ti jáde, kí àǹtí Sarath gbé e lọ síbòmíràn kí òun tó tú aṣọ náà. Ó ní òun ò ní wo ọmọ náà láyé òun.” Mo sáré lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti inú ilé. “Àǹtí Inoka, Bàbá ní òun ló tú aṣọ yẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní kì í ṣe ojú yín.” “Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?” “Ọjọ́ tó kú.” “Mo bi ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. O ní kò sọ nǹkan kan.” “Mo purọ́.” “Ọjọ́ wo lo wá purọ́, Kithsiri? Ọjọ́ yẹn ni àbí òní?” Ó wá rọ ohùn rẹ̀, èyí sì dùn mí ju èébú lọ. “O ṣeun. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe ẹ́. Máa lọ sílé, Yunifásítì. Òòrùn ti mú.”

Nítorí náà, ẹ gbẹ́ orúkọ mi kúrò lára òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ wó ère nítorí pé ọwọ́ obìnrin ló là á lójú, kó kọ́kọ́ lọ dúró níwájú rẹ̀, kó gbójú sókè, kó sì sọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kàwé, tí ojú yín mú bíi tèmi, ìwà àìtọ́ tí mo bá jà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ná mi ní nǹkan kan. Ibi tó ti fẹ́ ná mi ni mo ti dákẹ́. Mo bẹ ìdílé Bàbá Tikiri, mo bẹ Sarath, mo sì bẹ ìlú yìí. Inoka nìkan ni n kò lè bẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ mi ti kú létí rẹ̀, èmi ni mo sì pa á.

Ẹni Ọ̀wọ̀ Indasara, ẹ̀yin ni mo wá kọjú sí. Àwa méjì la gbọ́ ohùn bàbá náà, ti ẹnu mi kò sì wúlò mọ́. Ní gbogbo Póyà lẹ ń kọ́ wa lórí àga yìí pé èrò ọkàn ló ń sọ ìṣe di rere tàbí búburú. Inoka kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì ti jẹ́ kó máa pe ara rẹ̀ ní apànìyàn kí ère wa lè dúró. N kò béèrè pé kí ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ dìde báyìí, kí ẹ má dúró de oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ sílé rẹ̀, kí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bó bá kọ̀ láti ṣí i, kí ẹ sì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ìrọbí tó mú un.